Orí Kẹfà: Bó Ṣe Kú Ló Ń Sọ Ohun Tó Pa Á

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ lọ sí ìhà Ìlà-Oòrùn rí láti Èkó mọ Jíbówú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni àwọn bọ́ọ̀sì gbọọrọ ti tò sẹ́bàá Ọ̀nà Ìkòròdú, tí wọ́n ń kó èrò Onitsha, Enugu àti Owerri. Ẹ́ńjìnnì wọn á máa kùn, èéfín dísẹ́ẹ̀lì á sì máa gba ojú wíńdò wọ ilé onílé. Nínú ọ̀kan lára àwọn ilé wọ̀nyẹn ni ìyá alájọ kan ń gbé. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń gba àjọ ojoojúmọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta búrẹ́dì, ẹyin sísè àti omi inú ọ̀rá fún èrò ọkọ̀. Ọmọ wọn kan ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì fún wọn, tòkunbọ̀ ni, kí wọ́n lè máa tẹ orúkọ àwọn oníbàárà wọn sínú rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà náà ń kú. Kò bàjẹ́ o. Bí wọ́n bá tún tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, á jí, á sì máa ṣiṣẹ́ bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. Àmọ́ bí iṣẹ́ bá ti wọra, láì kìlọ̀, ojú rẹ̀ á tún ṣú.

Kí n tó débẹ̀, ẹnjiníà mẹ́ta ti wò ó. Èkíní ní fáírọ́ọ̀sì ló wọ inú rẹ̀, ó fọ́máàtì rẹ̀, àkọsílẹ̀ ọdún méjì sì bá a lọ. Ọpẹ́ ni pé Màmá ò tíì ju ìwé ọwọ́ wọn nù. Èkejì pààrọ̀ RAM. Ẹ̀kẹta ní motherboard, ìyẹn pákó ńlá inú rẹ̀, ló ti jóná, kí wọ́n lọ wá owó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mú irin iṣẹ́ wá. Kò sí èyí tó mú ìbéèrè wá.

Mo jókòó, mo ní, "Màmá, ìgbà wo ló máa ń kú?"

"Ìgbà tó bá wù ú ni."

"Ṣé iná NEPA ló wà lórí rẹ̀ nígbà náà ni, àbí jẹnẹrétọ̀?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó béèrè orúkọ ìyá ìyá wọn. "Ọmọ mi, ta ló ń ṣọ́ ìyẹn?"

Káàdì àjọ wà lórí tábìlì níbẹ̀, ìdì kan gbáko, tí ojú ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tọrọ ọ̀kan tí wọn ò tíì kọ orúkọ sí. Mo ní kí wọ́n kọ "Kọ̀ǹpútà" síbi orúkọ oníbàárà. Lọ́jọ́ tó bá kú, kí wọ́n kọ aago tó kú sínú ojú ilé ọjọ́ náà. Bó bá jẹ́ NEPA ló wà lórí rẹ̀, kí wọ́n kọ N. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n kọ J. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe lọ́wọ́, kí wọ́n sì kọ ohun tí gílóòbù ilé ṣe ní àsìkò yẹn gan-an.

Màmá rẹ́rìn-ín. "Oníbàárà tí á máa fi ikú dá àjọ!"

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ní ti kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ náà yí padà: ikú rẹ̀ gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Ẹ̀rọ tó ń kú lójijì kì í kú bákan náà nígbà gbogbo, bó sì ṣe kú ló ń sọ ohun tó pa á. Ẹni tó bá tú u kó tó béèrè, tẹ́tẹ́ ló ń ta.

Ikú mẹ́rin

Ikú kìíní dà bí ìgbà tí èèyàn pa gílóòbù. Ojú ṣú, fáànù dákẹ́, kò sí ìkìlọ̀, kò sí àkọlé. Irú ikú yìí kì í sábà jẹ́ ẹjọ́ Windows tàbí ti ohunkóhun tí ẹ tẹ̀ sínú rẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀, ìyẹn iná, ló já mọ́ ọn lẹ́nu: ó lè jẹ́ lára ògiri, lára UPS, àpótí oníbátìrì tó ń bọ́ ọ bí iná bá lọ, tàbí nínú power pack rẹ̀, àpótí tó ń gba iná wọlé fún un. Ó sì lè jẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ gbóná kọjá ààlà, ló bá pa ara rẹ̀ kó má baà jóná.

Ikú kejì ni ti ẹ̀rọ tó kú tó sì jí fúnra rẹ̀. Iná tó ṣẹ́jú lè fà á. Windows náà lè fà á, torí wọ́n ti ṣe é pé bó bá kọsẹ̀ gidi, kó tún ara rẹ̀ tàn. Ẹ lè gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀: nínú System, ẹ wá Advanced system settings, ẹ ṣí Startup and Recovery, ẹ yọ àmì tó wà níwájú Automatically restart. Láti ìgbà náà, bó bá kọsẹ̀, á dúró kó sọ ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹjọ́ tó ń sọ yẹn ni ikú kẹta: ojú rẹ̀ di búlúù, ọ̀rọ̀ funfun sì wà lórí rẹ̀. Ẹ má sá fún un. Ẹ fi fóònù yín ya fọ́tò rẹ̀, torí kóòdù tó wà nísàlẹ̀ ni ẹnjiníà gidi máa fi ṣiṣẹ́. RAM tó ń ṣe ségesège, dísíìkì tó ń ṣàìsàn, tàbí ètò tó ń darí ọ̀kan nínú ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà ló sábà ń wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ikú kẹrin ń dágbére. Ó kọ ọ́ sójú pé òun ń pa ara òun, ó pa gbogbo ìwé dé, ó sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí kì í ṣe ìjàǹbá. Àṣẹ ni ẹnìkan tàbí nǹkan kan pa fún un: Windows tó fẹ́ gba àtúnṣe tuntun, bátìrì tó ti fẹ́ tán, tàbí fáírọ́ọ̀sì.

Lẹ́yìn irú ikú, ẹ ka iye àkókò. Ẹ̀rọ tó tàn tó sì kú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ kọ́kọ́ wo bọ́tìnnì rẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì yẹn mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, àṣẹ pé kó gé iná ni. Bí ìdọ̀tí bá sì ti mú kí bọ́tìnnì há, ẹ̀rọ ò mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ èèyàn ló ń tẹ òun. Èyí tó máa ń lo ogún sí ogójì ìṣẹ́jú kó tó kú, ooru ni kí ẹ fura sí. Èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn nìkan ló ń kú, bíi géèmù tàbí fíìmù títò, ẹ fura sí ooru àti power pack. Èyí tó ń kú nígbà tí gílóòbù àwọn aládùúgbò bá ń ṣẹ́jú, ẹjọ́ rẹ̀ ò sí nínú ilé yín.

Kọ̀ǹpútà náà ní káàdì tirẹ̀. Ẹ tẹ eventvwr síbi ìwákiri Windows, ẹ ṣí Windows Logs, kí ẹ wọ System. Nọ́mbà 1074 túmọ̀ sí pé ẹnìkan tàbí ètò kan ló ní kó kú, á sì dárúkọ rẹ̀. Nọ́mbà 6008 ń sọ pé ikú ìṣáájú bá òun lójijì, ó sì kọ aago rẹ̀. Nọ́mbà 41, tí wọ́n kọ Kernel-Power sí, ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù, àwọn oníṣẹ́ kan sì ń fi í tọrọ owó motherboard. Gbogbo ohun tó ń sọ kò ju "Mo jí, mo rí i pé n kò sùn dáadáa." Ó mọ̀ pé òun kú, kò mọ ohun tó pa òun.

Iná aṣọ, iná NEPA

Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò lè tán léèékánná. Iná aṣọ ni àwọn àgbà ń sọ níbẹ̀, kòkòrò tó ń jẹ èèyàn lára. Iná tiwa ni ti NEPA, òun náà ò sì jẹ́ kí èékánná sinmi. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1972 ni wọ́n dá NEPA sílẹ̀. Ó di PHCN ní 2005, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013. Orúkọ yí, ẹnu wa ò yí.

Volt 230 ló yẹ kó máa wọlé wá. Iná yìí ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, àlọ àti àbọ̀ kan gba 20 nínú rẹ̀. Power pack ló ń gba iná náà, tó ń sọ ọ́ di volt 12, 5 àti 3.3 tí inú kọ̀ǹpútà lè jẹ. Ó ní ìkòkò kékeré kan nínú tó fi ń pọn iná pamọ́, kí ebi má baà pa ẹ̀rọ láàárín àlọ àti àbọ̀. Ìlànà ATX tí Intel gbé kalẹ̀ ní 1995, tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣì ń tẹ̀ lé, fẹ́ kí ìkòkò yẹn lè bọ́ ẹ̀rọ fún nǹkan bí ìdá 16 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá bí iná bá já. Bí ẹ bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti lò tó ìlọ́po mẹ́fà ìyẹn, ó kéré tán. Ìdí rẹ̀ nìyí tó fi jẹ́ pé bó ti wù kí ọwọ́ yín yá tó nídìí changeover, kọ̀ǹpútà tí kò ní UPS gbọ́dọ̀ kú.

Àmọ́ kì í ṣe iná tó lọ nìkan ló ń pa á. Iná tó wà ṣùgbọ́n tí kò lágbára, èyí tí gbogbo Èkó ń pè ní low current, burú jù ú lọ, torí kò sí ẹni tó ń pariwo rẹ̀. Láti aago méje alẹ́, àwọn tó ti ibi iṣẹ́ dé á ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, firíìjì á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ẹ̀rọ omi á máa lọ. Fíìsì mẹ́ta ló ń ti ara tiransífọ́mà wá. Bí ọ̀kan bá kú, àwọn ará ilé á sáré gbé ara wọn sórí èyí tó kù, ẹrù ènìyàn mẹ́ta á wá di ti ènìyàn méjì. Gílóòbù á pupa bí ẹyìn ọ̀pẹ. Power pack àtijọ́ tó fẹ́ iná tó sún mọ́ 230 á jà títí, á sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà yín. Bí ẹ bá rí bọ́tìnnì pupa kékeré tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí, ẹ jẹ́ kó wà lórí 230, kódà bí iná bá rẹ̀lẹ̀ dé ibi tí gílóòbù ò tàn mọ́. Àwọn kan máa ń rò pé bí iná bá kéré, kí àwọn tì í sí 115. Á ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ìṣẹ́jú tí iná bá padà sí ipò, ẹ ó gbọ́ ìró bí ìbọn, ó parí. Power pack tí wọ́n kọ 100–240 sí lára ò ní bọ́tìnnì yìí. Irú rẹ̀ ń fara da low current ju àtijọ́ lọ, òun ló sì yẹ kí ẹni tó bá ń ra tòkunbọ̀ máa wá.

Stabilizer ń ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ ó ní ìwà tirẹ̀. Ìró "kọ́, kọ́" tí ẹ ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni bó ṣe ń fò láti okùn kan bọ́ sí òmíràn láti gbé iná sókè tàbí láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá fò, iná já fún ìgbà kúkúrú. Bí iná bá sì rẹ̀lẹ̀ kọjá agbára rẹ̀, á gé gbogbo rẹ̀, òmíràn á sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó dá a padà, nítorí ti firíìjì.

UPS ló yẹ kó bo ihò yìí. Bátìrì olójé kan ló wà nínú ọ̀pọ̀ irú tí a ń lò nílé, volt 12 ni, kò sì tóbi ju bíríkì kékeré lọ. Bó bá wà ní yàrá tí ooru rẹ̀ ò ju 25°C lọ, ó lè lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Yàrá Èkó ń gbóná ju ìyẹn lọ lọ́sàn-án àti lóru, bí ooru bá sì ti fi nǹkan bí 10°C ga sí i, ọjọ́ ayé bátìrì á dín sí ìdajì. Bátìrì á kú, àmọ́ iná aláwọ̀ ewé iwájú UPS á ṣì máa tàn. Ewu tó wà níbẹ̀ nìyí: bí iná bá rẹ̀lẹ̀, UPS á kúrò lórí NEPA, á bọ́ sórí bátìrì tó ti kú. Kọ̀ǹpútà tí ì bá fara da iná kékeré yẹn á wá kú nítorí ẹni tó ní òun ń ṣọ́ ọ. Ọlọ́dẹ ló ṣílẹ̀kùn fún olè.

Bí a ṣe ń dán an wò rọrùn. Ẹ yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára UPS, ẹ fi fáànù orí tábìlì sí i, kí ẹ wá fa UPS yọ lára ògiri. Bí fáànù bá dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bátìrì ti lọ. Ẹ má fi kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ dán an wò. Ẹ sì má da bátìrì àtijọ́ sí gọ́tà, torí òjé ni, májèlé ni fún ọmọdé. Àwọn tó ń rà á wà.

Ooru àti erùpẹ̀

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju èékánná ọwọ́ àgbàlagbà lọ, síbẹ̀ iná tó ń jẹ lè ju ti gílóòbù ńlá lọ, gbogbo rẹ̀ ló sì ń sọ di ooru. Wọ́n fi irin olójú-pẹlẹbẹ púpọ̀ lé e lórí láti fa ooru náà, wọ́n fi ìpara funfun sáàárín wọn kí atẹ́gùn má baà há síbẹ̀, wọ́n sì gbé fáànù lé gbogbo rẹ̀. Bí ooru bá tó nǹkan bí 100°C, ọ̀pọ̀ ọpọlọ òde òní á kọ́kọ́ dẹwọ́ iṣẹ́. Ẹ ó rí i pé ẹ̀rọ ń falẹ̀. Bó bá ṣì ń gòkè, á gé iná lójú ẹsẹ̀. Ṣe ló ń gba ara rẹ̀ là. Kò rí bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ní 2001, àwọn ará ìkànnì Tom's Hardware ya fídíò bí wọ́n ṣe yọ irin yìí lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà oríṣiríṣi tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn kan dẹwọ́, wọ́n yè. Athlon tí AMD ṣe rú èéfín, ó sì kú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá péréte.

Ohun tó ń dí ọ̀nà atẹ́gùn níbí ni erùpẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ń gbé e wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti kòtò Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Erùpẹ̀ ọyẹ́ gbẹ, ẹ fẹ́ ẹ ó lọ. Ti Jíbówú yàtọ̀: èéfín dísẹ́ẹ̀lì ti fi ọ̀rá dúdú lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó ń di mọ́ ara fáànù bí èérí ìdí ìkòkò. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà létí títì, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń tú èéfín sí wíńdò rẹ̀, kó máa nu inú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún.

Bí ẹ ó ṣe nù ún nìyí. Ẹ pa á, ẹ fa wáyà yọ, ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ìyókù iná lè jáde. Ẹ gbé e bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Ẹ fi ìka kan di fáànù mú kó má yí, kí ẹ wá fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn fẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírun múlọ́múlọ́ gbá ìyókù. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, torí itọ́ á bá a lọ. Ẹ má sì tú power pack: iná tó wà nínú ìkòkò rẹ̀ lè lé ní volt 300, ó sì lè dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa wáyà yọ.

Àwọn ìkòkò tó wú

Lórí motherboard, ẹ ó rí àwọn ohun kékeré bí agolo tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kàpásítọ̀ ni wọ́n ń jẹ́. Ìkòkò iná ni àwọn náà. Orí wọn gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí orí ọ̀kan bá wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, tàbí tí omi àwọ̀ ilẹ̀ bá ń yọ lára rẹ̀, ẹ ti rí apànìyàn kan. Láti nǹkan bí 1999 dé 2007, kàpásítọ̀ tí kò dára kún inú kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Ìwé ẹjọ́ tó jáde sójú táyé ní 2010 fi hàn pé Dell nìkan ta ẹ̀rọ tó tó mílíọ̀nù 11.8 láàárín oṣù karùn-ún 2003 àti oṣù keje 2005 tí ewu yìí lè bá.

Kódà kàpásítọ̀ tó dára ní ọjọ́ ayé. Bí wọ́n bá kọ 105°C àti wákàtí 2000 sí i, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wákàtí 2000 ni wọ́n ṣèlérí nínú ooru yẹn. Bí ooru bá fi 10°C dín, ọjọ́ ayé rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Ní 65°C, á tó wákàtí 32,000, ìyẹn ọdún mẹ́ta àbọ̀ ó lé díẹ̀ bí a ò bá pa á rárá. Tòkunbọ̀ ti ná lára ọjọ́ wọ̀nyẹn lókè òkun kó tó wọkọ̀ ojú omi. Nítorí náà, bí tiyín bá ń kú nígbà tí iná bá dúró ṣinṣin, tí inú rẹ̀ mọ́ tí kò sì gbóná, ẹ yá power pack tó dára lọ́wọ́ ẹnìkan fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá pààrọ̀ mẹ́ta pọ̀, bó bá tiẹ̀ wò ó sàn, kò mọ èyí tó jẹ́ oògùn.

Ìgbà tí fáírọ́ọ̀sì jẹ̀bi gidi

Ẹnjiníà tó kọ́kọ́ pariwo fáírọ́ọ̀sì lè jẹ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní kafé íntánẹ́ẹ̀tì láyé ọjọ́un. Ní oṣù kẹjọ 2003, Blaster jáde. Ẹ̀rọ Windows XP tó bá wọ̀ á gbé àkọlé kan síwájú, á máa ka ìṣẹ́jú-àáyá 60 sẹ́yìn, á sì kú. Oògùn rẹ̀ ti wà látọjọ́ 16 oṣù keje ọdún yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò lò ó. Ní ìparí oṣù kẹrin 2004, Sasser tún dé pẹ̀lú ìwà kan náà. Sven Jaschan, ọmọ ilé-ìwé kan ní Jámánì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 18, ló kọ ọ́. Ẹ kíyè sí bí àwọn méjèèjì ṣe ń pa ẹ̀rọ: wọ́n ń dágbére. Ikú kẹrin nìyẹn. Ẹ̀rọ tó kú bí ẹni pa gílóòbù ò lẹ́jọ́ lọ́dọ̀ wọn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fọ́máàtì rẹ̀ láì kọ́kọ́ kó ìwé inú rẹ̀ pamọ́ sí ibi méjì.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì la ti ń sọ bọ̀. Ní ti laptop, kò bẹ̀rù NEPA, torí ó gbé UPS rẹ̀ sínú. Àmọ́ bátìrì lithium rẹ̀ ń darúgbó. Lẹ́yìn ìgbà 300 sí 500 tó bá kún tó sì tán, ó lè ní òun ṣẹ́ ku ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, kó sì kú lójú ẹsẹ̀. Àṣẹ powercfg /batteryreport á sọ iye tó ń gbà nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun àti iye tó ń gbà báyìí. Ẹ má gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì, torí ìsàlẹ̀ ló ti ń mí. Bí ara rẹ̀ bá wú tí kò padé mọ́, ẹ má tàn án, ẹ má gún un: bátìrì tó wú lè gbiná.

Ohun tí káàdì sọ

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo padà sí Jíbówú. Màmá gbé káàdì lé mi lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá, ikú mẹ́sàn-án. Wọ́n kọ ọ́ ṣinṣin, bí wọ́n ṣe ń kọ owó oníbàárà.

N ni gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Kò sí J kan ṣoṣo. Ìyẹn nìkan ti dá motherboard láre, torí pákó tó ti jóná ò mọ ìyàtọ̀ láàárín NEPA àti jẹnẹrétọ̀. Mẹ́jọ nínú wọn wà láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́. Níwájú mẹ́jọ yẹn, Màmá kọ "iná pupa" tàbí "ó dún kọ́". Mo fi fáànù dán UPS wò, ó dúró gbàgà. Ọdún mẹ́rin ni bátìrì náà ti wà níbẹ̀. Bọ́tìnnì pupa sì wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, àmì pé power pack àtijọ́ ló ní.

Ìkẹsàn-án ò bá wọn mu. Aago méjì ọ̀sán, gílóòbù ò ṣẹ́jú, stabilizer ò dún. Mo lè sọ pé àṣìṣe ni, torí mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án tó ẹ̀rí. Ibẹ̀ gan-an ni a ti ń dá oníṣẹ́ mọ̀: kí ló máa fi èyí tí kò bá tirẹ̀ mu ṣe? Mo wo ohun tí wọ́n kọ sí i: "Ọmọ-ọmọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù." Géèmù bọ́ọ̀lù ló ń ṣe, ó ti lé ní ogójì ìṣẹ́jú nídìí rẹ̀, nínú oòrùn ọ̀sán. Mo ṣí i. Erùpẹ̀ dúdú ti bo irin orí ọpọlọ rẹ̀ débi pé mi ò rí ojú irin náà. Apànìyàn méjì ló wà nínú ilé kan, a ò bá sì ti mú ọ̀kan ká fi èkejì sílẹ̀.

A pààrọ̀ bátìrì UPS. A nu inú rẹ̀, a fi ìpara tuntun sí i, a gbé e kúrò lẹ́bàá wíńdò tó kọjú sí títì. Mo ní kí wọ́n máa kọ káàdì náà lọ títí oṣù á fi parí, torí ẹ̀rọ tí kò kú lónìí ò tíì yè.

Nígbà tí oṣù parí, Màmá pè mí. Ojú ilé mẹ́tàdínlógún ló kù lẹ́yìn àtúnṣe, ẹyọ kan péré ni wọ́n kọ nǹkan sí: "Ọmọ-ọmọ mi fi ẹsẹ̀ fa wáyà yọ." Àwọn yòókù ṣófo. Wọ́n yí káàdì náà sókè sódò, wọ́n fi síbi tí wọ́n ń kó káàdì àwọn tó ti kó àjọ wọn lọ sí.

"Ẹnjiníà," wọ́n ní, "oníbàárà yìí ò dá mọ́."